Okùn Kò Tó

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ Sátidé ni, ọdún 1997, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Fáànù mẹ́rin ló wà lókè, méjì péré ló ń yí. Ilé ìwé Àgùdà mẹ́fà ló kó ọmọ wá fún ìdíje ìmọ̀ Bíbélì, àwa mẹ́ta la sì ṣojú tiwa: ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kátíkíìsì, èmi, àti ọ̀rẹ́ mi tí dede kíláàsì ń pè ní Ọmọ Àlùfáà. Kí n tètè là á fún ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa rí: àlùfáà mọ́sáláṣí ni bàbá rẹ̀. Fádà kì í bímọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ṣi orúkọ yẹn gbọ́.

Kí ni ọmọ àlùfáà mọ́sáláṣí ń wá nídìí kúìsì Bíbélì? Bí ẹ bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, ẹ ò ní bèèrè. Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa fẹ́ gba ife, Ọmọ Àlùfáà ló sì ní orí pípé jù. Ohun tó bá kà lẹ́ẹ̀kan ti di tirẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ Jákọ́bù méjèèjìlá láti orí Rúbẹ́nì dé orí Bẹ́ńjámínì, á tún kà wọ́n padà sẹ́yìn bí alájàpá tó ń ka owó ọjà. Bàbá rẹ̀ kò ráhùn. Wọ́n ní ìmọ̀ kì í wúwo lórí ọmọ, kó ṣáà má pẹ́ dé ilé kéwú nírọ̀lẹ́.

Ó ku ìbéèrè kan. Àmì wa àti ti ilé ìwé kejì dọ́gba. Olùbéèrè gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní: “Ọbabìnrin wo ló wá fi àlọ́ dán Sólómọ́nì...” Kò tíì parí rẹ̀ tí Ọmọ Àlùfáà fi lu agogo.

“Bílíkísù!”

Gbọ̀ngàn dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn dáadáa, torí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rín. Olùbéèrè mi orí, ó kọjú sí tábìlì kejì, ọmọ kan níbẹ̀ sì dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, “Ọbabìnrin Ṣébà.” Àtẹ́wọ́ ta. Tíṣà wa dìde, ó ní ẹ̀yin ará, ẹnì kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹwàá, wọ́n gbé e fún un pé kó fi Bílíkísù hàn wọ́n níbẹ̀. Tíṣà kà á, ó jókòó. Òótọ́ ni, orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò sí nínú Kùránì pàápàá. Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, An-Naml, sọ ìtàn obìnrin ọlọ́lá kan tó ń jọba ní Ṣébà, tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ Sólómọ́nì, kò sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ló sọ ọ́ ní Bilqis. Ìwé méjèèjì ló fi obìnrin yìí sílẹ̀ láìlórúkọ. Èyí tó wá fún un lórúkọ ni wọ́n fi gba àmì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a tò lórí ìlà. Bí ẹ bá ka ilé ìwé Àgùdà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àdúrà, orin ìyìn orílẹ̀-èdè, àyẹ̀wò èékánná, ìkéde. Àwọn ìkéde wa dùn ju ẹ̀kọ́ lọ. Ta ló gba ipò kìíní níbi eré ìje láàárín àwọn ilé (orúkọ ẹni mímọ́ ni ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, mo wà ní ilé aláwọ̀ yẹ́lò, a kì í gba nǹkan kan). Àwọn wo ló máa gba Kọmúníọ̀nù Mímọ́ àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, kí ìyá wọn tètè lọ rán aṣọ funfun. Ta ló máa gbé àsíá nígbà ìyíde Kọ́pọ́ọ̀sì Kírísítì. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, agogo àdúrà Áńgẹ́lọ́ọ̀sì á dún, ibi yòówù kí o wà, wàá dúró. Mo ti rí ọmọ tó dúró ṣánṣán pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè láàárín eré bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà ń dúró, àwọn míì tilẹ̀ ń sáré dáhùn ju àwa lọ. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni fi jà. Bíṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ jẹ ní dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1969, Anthony Saliu Sanusi ni orúkọ rẹ̀. Saliu! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wa ti dàpọ̀ láti òkè wá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, Sístà kéde pé ipò kejì la mú, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún àwa mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ náà rí bí òjò tí kò fẹ́ rọ̀. Pátákó ńlá kan wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kọ ọdún àti ife tí a gbà lọ́dún kọ̀ọ̀kan sí. Gbogbo wa mọ̀ pé ibi tí 1997 máa wà yóò ṣófo.

Ọmọ Àlùfáà kò sọ̀rọ̀ títí di àkókò oúnjẹ. Nígbà tó máa lanu, ó ní: “Ṣebí ibojì Bílíkísù wà ní Òkè-Èrí. Bàbá mi ti débẹ̀.”

Tíṣà gbọ́. Ọmọ Òkè-Èrí ni Tíṣà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la gba ìwé tí òbí máa fọwọ́ sí. Ìrìn-àjò Púráímárì 5, ₦50, ẹ gbé oúnjẹ àti omi lọ́wọ́, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ọdọọdún la ń rìn irú ìrìn báyìí, Ìbàdàn ni wọ́n sì máa ń gbà lọ, sí ọgbà ẹranko Yunifásítì, láti lọ wo ìnàkí àti kìnnìún. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ròyìn ìnàkí yẹn fún wa títí tá a fi mọ ìṣe rẹ̀ ju ti àwọn ẹbí wa lọ. Nígbà tá a gbọ́ pé Òkè-Èrí là ń lọ, ibi tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá, kíláàsì fa ojú ro. Ọmọkùnrin kan ní ìyá òun ń ta gàrí lọ́jà ibẹ̀, ṣé owó ni kéèyàn wá san láti lọ kí ìyá ẹni?

Ìyá mi din òjòjò fún mi, ó fi bébà wé e. Ó ní kí n má rìn lẹ́yìn. Ìyá mi yìí wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ilé ìwé ìjọ ló ti kà á. Ó máa ń sọ pé nígbà tiwọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ìrìn-àjò, oko olórí ilé ìwé ló sì máa ń já sí.

Bọ́ọ̀sì ìjọ gbé wa. Orin ni a ń kọ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà igbó náà. Bàbá àgbà kan jáde sí wa, Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n kí ara wọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà yíjú padà. Ó ti wà lójú rẹ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò dùn mọ́ ọn. Ó ní àwọn ọkùnrin á bọ́ bàtà, wọ́n á tẹ̀ lé òun. Àwọn obìnrin á dúró níta. Èèwọ̀ ni. Obìnrin kì í wọ ibojì Bílíkísù Súngbọ́, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa, ajá náà kì í wọ̀ ọ́.

Àwa àti ajá la jọ wà níta.

Sístà náà dúró níta, ó di rósárì mú, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Àlùfáà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun ló mọ orúkọ obìnrin yìí nígbà tí gbọ̀ngàn odindi ń rín in, ìrìn-àjò yìí kì bá tí sí láìsí òun, òun náà ló wá ń wo ẹ̀yìn àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń wọlé lọ, tí wọ́n ń ti ara wọn lọ́ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ni wọ́n sin síbẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó máa là á yé mi, mi ò sì ní purọ́ pé inú mi ti rọ̀. Ẹ̀sìn tí mo ń ṣe náà ní ibi tí obìnrin kì í dé, n ò lè fi ìka kan tọ́ Òkè-Èrí nìkan.

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin jáde, a yí wọn po. Kí lẹ rí? “Ilẹ̀.” Kí ló wà níbẹ̀? “Ilẹ̀ tó mọ́.” Wọ́n ní ewé kì í balẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbá a. Ọmọ kátíkíìsì ní òun wo òkè, òun rí igi tó bò ó, òun wo ilẹ̀, òun kò rí ewé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó jẹ́ pé mo gbà á gbọ́. Ọmọ Àlùfáà bi í léèrè bóyá ó dúró pẹ́ tó kí ewé tó lè já. Kò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n Tíṣà kò tíì parí. Okùn kànga ilé ìwé wa wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó ti tú u kúrò lára ìfami láàárọ̀ yẹn pẹ̀lú àṣẹ Sístà, ó sì ti ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Kókó mẹ́rìnlá ni. Okùn yẹn máa ń kan omi kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó le jù lọ. Ó ní a fẹ́ lọ wọn Erédò, ògiri àtijọ́ tí wọ́n ní Súngbọ́ ló ní kí wọ́n mọ.

A rìn gba inú oko ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà a wọ inú igbó kékeré kan. Mo ti ń retí ògiri bíi ti ilé. Dípò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tán níwájú wa. Ọ̀nà kan ló sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, a di gbòǹgbò mú sọ̀kalẹ̀, ọmọkùnrin pẹ̀lú ọmọbìnrin, Sístà náà ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀ ó sì tẹ̀ lé wa. Nísàlẹ̀, ooru tó wà lókè ti lọ. Amọ̀ pupa ni ògiri náà lọ́tùn-ún lósì, ó ga lọ sókè ṣánṣán, ewé tútù wẹ́wẹ́ bò ó bí irun, omi ń rìn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, ó sì dán ní ibi tí ewé kò sí, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ ra á. Tíṣà ní ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ lóòótọ́. Kò sí katakata. Apẹ̀rẹ̀ àti ọkọ́, ẹnì kan ń gbẹ́, ẹnì kan ń rù ú gòkè, bí wọ́n bá sì ti dà á sókè, bẹ́ẹ̀ ni kòtò ń jìn tí ògiri ń ga sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà àti àwọn ọmọkùnrin méjì gòkè lọ sí etí rẹ̀. Wọ́n so òkúta mọ́ ẹnu okùn, wọ́n jù ú sílẹ̀. Gbogbo wa ń ka kókó bó ṣe ń kọjá. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Okùn ná tán, òkúta dúró lófuurufú, ó ń yí. Ọmọ Àlùfáà lọ dúró lábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́, kò tó o. Ó fò. Kò tó o síbẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa ń pariwo, Tíṣà ń ké láti òkè pé, “Ó ti kanlẹ̀ àbí kò tíì kanlẹ̀?” A sì ń dáhùn pé, “Okùn kò tó! Okùn kò tó o!”

Okùn tó ń kan omi kànga wa kò kan ilẹ̀ Erédò. Èmi ò tíì rí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wọ̀ mí lára bẹ́ẹ̀ yẹn.

Sístà wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní kété lẹ́yìn náà. Agogo méjìlá ti lù. Kò sí agogo, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, a sì dá Áńgẹ́lọ́ọ̀sì nínú kòtò yẹn, ọ̀kánlélógójì ọmọ. Ohùn wa kò jáde lọ, ó ń padà wá bá wa láti ara ògiri. Bí a bá wí gbólóhùn kan tán, a máa ń dúró díẹ̀ kó dákẹ́ ká tó wí òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wa.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1999, ariwo ta. Onímọ̀ ìwalẹ̀-ìtàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Patrick Darling, kéde ohun tó ti ń wọ̀n: Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ ká ní bíi kìlómítà 160, ibi tó ga jù tó mítà 20. Rédíò ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń gbé e pé wọ́n ti rí ìlú Ọbabìnrin Ṣébà. Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn. Ọmọ Àlùfáà sáré wá sílé wa pẹ̀lú ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́. Ó ní kí n wò ó bóyá wọ́n á dá àmì wa padà báyìí.

Wọn ò ní dá a padà, tí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Àwọn tó ń fi sáyẹ́ǹsì wá ọjọ́ orí Erédò kò tíì fẹnu kò sí ọdún kan. Àwọn kan ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́yìn wọn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ni. Èyí tó wù kó jẹ́, Sólómọ́nì ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ níbẹ̀. Ìtàn mìíràn tí wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ wa wù mí ju ti Ṣébà lọ: pé opó ọlọ́rọ̀ kan ni Súngbọ́, kò bímọ, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ohun tí ayé á fi máa rántí òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó rí ohun tó ń wá. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n rò ó wò fún àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, mo rántí òkúta tó ń yí lófuurufú.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni ọmọ àbúrò mi. Ilé ìwé aládàáni kan ní Rẹ́mọ ló ń lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá wọ́n kó wọn lọ sí Èkó. Owó tí àbúrò mi san fún ìrìn ọjọ́ kan yẹn, mo ní kó tún un sọ nígbà ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n wo ọkọ̀ òfuurufú láti ẹ̀yìn wáyà, wọ́n wọ ilé ìtajà ńlá kan, wọ́n gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, wọ́n jẹ áísìkiriìmù. Mo bi ọmọ náà kí ló rí. Ó ní, “Áísìkiriìmù.” Fọ́tò rẹ̀ kún fóònù àbúrò mi, gbogbo wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà, wọ́n ń ṣe ìka méjì. Mi ò lòdì sí áísìkiriìmù. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ yẹn ń gbé kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti bí Awólọ́wọ̀ ní 1909 tí wọ́n sì sin ín sí, níbi tí Tai Ṣólàrìn dá Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956. Kò tíì débẹ̀ rí. Ní igbó Ọmọ, ní ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú, erin ṣì ń rìn, erin gidi, ọmọ náà rò pé orí tẹlifíṣàn nìkan ló wà. Nígbà tí mo sọ fún un pé erin wà nínú ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ní ilé ìwé wa àtijọ́. Pátákó ọ̀dà góòlù ṣì wà, wọ́n ti tún un kùn. Kò sí 1997 lára rẹ̀. Sístà tuntun, ọmọdé pọ́ńbélé, gbà mí láyè láti wo ìwé tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo rí ọ̀sẹ̀ kúìsì náà. Sístà wa àtijọ́ kọ “Ipò kejì” sí i, ó sì fi àmì ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láìsí àlàyé. Mo ṣí i dé ọ̀sẹ̀ kẹta. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, mo kàn ń túmọ̀ rẹ̀ ni: “Púráímárì 5 lọ sí Òkè-Èrí àti Erédò. Ọmọ 41. Gbogbo wọn padà. Okùn kò tó.”

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ọmọ Àlùfáà lójú ẹsẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ padà, ó kàn pè mí, a sì ń rín títí owó ìpè rẹ̀ fi tán.

Lọ́dún Iléyá tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ kẹta, mo yà sílé rẹ̀ nígbà tí mò ń ti Ojúde Ọba bọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi ti ń ta mí lára. Ó wà ní bákáyáàdì, ó ń yí ẹran nínú epo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí nítòsí, ó ń pa ìwé kan dé ń ṣí i. Ilé ìwé wa náà ló ń lọ, ó wà ní Púráímárì 4. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n ti mú un fún kúìsì Bíbélì tọdún yìí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. “Ọbabìnrin wo ló wá fi àlọ́ dán Sólómọ́nì wò?”

Ṣíbí dúró nínú epo. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú mi.

“Àǹtí, ṣé èyí tí wọ́n ń fẹ́ ní kúìsì ni kí n sọ, àbí èyí tí Mọ́mì sọ?”